Ìgbẹ́ Adìẹ Tútù Tí Mo Fi Pààrọ̀ Èyí Tó Jinná

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹ jókòó dáadáa, ẹ má sì tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti yanu báyìí, àwàdà lẹ ń retí. Irọ́ tí mo ti pa fún yín láyé yìí, ogójì ọkọ̀ akẹ́rù ò lè kó o tán. Àmọ́ tòní ti ń rùn nínú mi láti ọdún méje, mi ò lè gbé e mì mọ́.

Ẹ rántí ọdún tí alága ní ká fi ẹ̀pà dánra wò. Èmi ní fatiláísà nìkan ti tó. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tí ọkọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan nínú sàréè, ní rárá, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jinná ni ká kọ́kọ́ pò mọ́ ilẹ̀, ká wá fi fatiláísà díẹ̀ tì í lẹ́yìn. Alága ní ẹni tí ẹ̀pà rẹ̀ bá ṣe dáadáa jù ni yóò máa dá ilẹ̀ oníyanrìn ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ń dá kó tó kú. Èmi ní oko mẹ́ta níbòmíì. Obìnrin yìí ò ní ju ibẹ̀ lọ.

Oṣù méjì ló fi bo ìgbẹ́ náà, tó ń wọ́n omi sí i, tó ń yí i, tó ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé igunpa. "Ọkọ mi Aláwàdà," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "bó bá ṣì ń gbóná, kò tíì jinná. Yóò jó ẹ̀pà." Ẹnu ara rẹ̀ ló fi kọ́ mi ní ohun tí mo fi ṣe é níkà.

Ó jinná tán, ó dì í sápò, ó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Ọ̀sán gangan ni mo da àwọn àpò náà sí kòtò, mo bu tútù láti ilé adìẹ rọ́pò rẹ̀, tó ń yọ ooru, tí ìdin inú rẹ̀ sanra tó àtàǹpàkò mi. Mo da agolo fatiláísà mẹ́fà mọ́ ọn, mo wá fi èyí tó jinná díẹ̀ bò ó lójú. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run mí. Ẹ̀rín yẹn ń rí mi lára dòní.

Ó dé, ó pò ó mọ́ ilẹ̀ láìfura. Ìdajì ẹ̀pà rẹ̀ jóná nínú ilẹ̀. Ìdajì tó kù yọ ewé bí igbó tí erin lè sọnù sí, àmọ́ nígbà tá a fà á tu, èèpo òfìfo ni. Alága ní, "Kí ló fà á?" Mo ní, "Àdàlù ni, bàbá. Ẹni tó wọ bàtà lórí bàtà, ṣé yóò rìn?" Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ fún mi nílẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó po méjèèjì pọ̀ mọ́ nínú wa, ilẹ̀ wa sì ti le bí èékánná arúgbó.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin náà, tó ti di alágbàṣe lóko olóko, wọ pálọ̀ mi, ó kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn. Ọgbọ́n àgbọ́njù mi ló sọ ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín nù." Èmi ẹlẹ́nu rírùn yìí, mo gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ṣòkòtò mi, ẹ̀pà ilẹ̀ rẹ̀, mo ní, "Dìde, ìyàwó. Mo ti forí jì ọ́." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bó ṣe jáde, mo bì. Mi ò mutí, mi ò jẹ ohun tó bàjẹ́. Ara mi ló rí mi lára.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ po méjèèjì, kí ìgbẹ́ jinná, kí fatiláísà mọ níwọ̀n. Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ gbọ́ torí pé ó pa yín lẹ́rìn-ín. Alága, ẹ pa orúkọ mi rẹ́ lórí ilẹ̀ náà. Ìyàwó, ìwọ tó o jókòó sẹ́yìn yẹn, o ò ṣe nǹkan kan. Mo tọrọ àforíjì. Má kàn forí jì mí kíákíá, bí mo ṣe forí jì ọ́.