Ọ̀já Tí Mo Tú Lẹ́sẹ̀ Bàbá Débórà

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó gbé mi ṣépè. Agbẹ̀bí ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì. Ní Ìdànrè níbí, kò sí àdúgbò tí mo lè gbà kọjá kí ẹnìkan má kúnlẹ̀ kí mi, pé ọwọ́ mi ni wọ́n bí òun sí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti gbé e mì. Ọkọ mi kú láìgbọ́ ọ. Àwọn ọmọ mi ò mọ̀ ọ́n.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé Ìyá Débórà wà lórí àìsàn ní Àkúrẹ́, wọ́n sì ní kò lè pẹ́ mọ́. Ó ránṣẹ́ sí mi. Ó ní èmi ni òun fẹ́ kó jókòó ti òun nígbà tí òun bá ń lọ, torí èmi náà ni mo jókòó ti ọkọ òun. Òótọ́ ni, mo jókòó tì í. Ṣùgbọ́n èmi ni mo pa á.

Gẹdú ni bàbá mi ń ṣe. Bàbá Onígẹdú ni gbogbo ayé ń pè é. Ṣùgbọ́n igi tó ń tà kì í ṣe tirẹ̀. Inú igbó ọba, lápá ọ̀nà Ofosu, ni àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ti ń gé ìrókò àti ọ̀gánwó, tí lọ́rì ń kó o lọ sí Bìní. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó bá gba rìbá, wọn á fi í sílẹ̀. Èyí tó bá kọ̀, wọn á lù ú. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n so mọ́ ìdí igi, níbi tí ìjàlọ ń gbà kọjá. Ó yè é, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kan fọ́. Ilé wa ni mo ti gbọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ̀fẹ̀ nídìí ẹmu. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Mo jáde lọ bì sẹ́yìnkùlé.

Obìnrin mẹ́ta ni bàbá mi bí, kò bí ọkùnrin. Èmi ni àkọ́bí. Mo fi ilé náà sílẹ̀ ní kété tí mo lè fi í sílẹ̀. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí lé e, ìjọba sì fi mí sí ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní abúlé tó wà lẹ́yìn Aládé. Bẹ́ẹ̀dì méjì péré ló wà níbẹ̀, àti bẹ́ńṣì kan fún àwọn aboyún. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti bọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ Fìlípì. Ẹ̀ṣọ́ igbó ọba ni, Aládùúrà paraku. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ wá pẹ̀lú oyún àkọ́kọ́, ọmọ náà sì dábùú. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi bá a jà. Fìlípì dúró ní ìta láìwọ bàtà, ó ń gbàdúrà nínú òjò. Ìgbà tí Débórà ké, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún èmi tí mo kéré sí i. Ojú tì mí. Mo sọ fún un pé kó dìde, pé ọmọ Bàbá Onígẹdú ni mí, kó má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó ní òun mọ̀. Mo ní, "Bàbá mi ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe tèmi." Ó ní òun ti rí i bẹ́ẹ̀.

Àsìkò tí àwọn ológun fẹ́ gbé ìjọba sílẹ̀ fún àwọn olóṣèlú ni ìtì igi kan yí lu bàbá mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ilẹ̀kùn ni wọ́n fi gbé e wálé. Kò gbà kí wọ́n gbé òun lọ sí ọsibítù, torí wọ́n á béèrè ibi tí igi ti lu òun. Èmi ni mo to eegun náà bí mo ṣe lè tò ó. Kò rìn mọ́.

Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ẹní. Ó ní Túyì, tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ òun, lágbára ṣùgbọ́n kò lórí. Ó ní kí n máa jẹ́ ẹnu òun láàárín wọn, pé mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo kọ̀. Ó tún bẹ̀ mí, mo kọ̀. Màmá mi bá a bẹ̀ mí, mo binú kúrò nílé.

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Lásísì, òun náà ń jí igi gé. Ó gbọ́ pé bàbá mi ò lè dìde mọ́. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ ilé wa lọ́sàn-án gangan. Wọ́n gba màmá mi létí. Wọ́n fi ìdí ìbọn gbá àbúrò mi tó kéré jù lẹ́nu, eyín rẹ̀ méjì bọ́. Wọ́n wọ́ bàbá mi jáde sí àgbàlá, wọ́n da ọ́ìlì dúdú inú ọkọ̀ lé e lórí, wọ́n ní kó dìde kó wá bá àwọn jà. Nígbà tí mo fi máa dé, ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ lọ sílé nínú ọ́ìlì yẹn. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun. Ọjọ́ náà ni mo ní mo gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo ń wá àwíjàre. Mo kàn ń sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí Túyì fi mú Lásísì lójú ọ̀nà Ọ̀wẹnà. Wọ́n gbé e wọ inú igbó, mo tẹ̀ lé wọn. Mo sọ fún ara mi pé torí kí wọ́n má baà pa á ni mo ṣe lọ. Wọ́n ti gbé igi sókè, orí ni wọ́n fẹ́ lù. Mo ní kí wọ́n dúró. Mo ní tí wọ́n bá lù ú lórí, á kú, ọlọ́pàá á sì dé. Mo ní, "Orúnkún ni kí ẹ lù. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti lù ú, ẹ má lù ú níwájú."

Ibi tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń to eegun ni mo ti mọ bó ṣe ń dá.

Lásísì ń pè mí. Ó ń pè mí ní ìyá òun, ó ń pè mí ní àǹtí. Mo dúró títí wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ kejì. Mi ò bì lọ́jọ́ yẹn. Ebi ń pa mí nígbà tí a ń bọ̀, mo sì jẹun nígbà tí mo délé, mo jẹun dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó wá ń rọrùn sí i. A dáná sun lọ́rì ẹnìkan pẹ̀lú igi tó wà lórí rẹ̀. Awakọ̀ wa kan lọ tú àṣírí wa fún ọlọ́pàá. Mo ní kí wọ́n gé àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì, kó má lè di ọwọ́ ọkọ̀ mú mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbẹ̀bí ìbejì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níta, Túyì ni gbogbo ènìyàn rò pé ó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin yẹn mọ̀. Tí mo bá wọlé, wọ́n á dìde. Àwọn tó ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì kékeré tẹ́lẹ̀ ò lè wo ojú mi mọ́. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi.

Àfi ìgbà tí ìjọba gbé Fìlípì wá ṣọ́ apá igbó tí a ti ń gé igi. Túyì gbé rìbá lọ fún un, ó kọ̀ ọ́. Wọ́n fi ikú dẹ́rù bà á, ó ní Ọlọ́run ń bẹ. Ó fi ọ̀dà pupa sàmì sí gbogbo ìtì igi tí a ti gé sílẹ̀ pé ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e, kò sì sí lọ́rì tó lè gbé e mọ́. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ pé ó ń lọ sí Àkúrẹ́ lọ fẹjọ́ sùn.

Túyì wá bá mi lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí. Mo ń sá aṣọ lọ́wọ́. Mo ní kó má pa á, kó ṣáà jẹ́ kó má lè rin igbó mọ́. Ó ní báwo. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn orúnkún ara mi. Mo sì ń sá aṣọ mi lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, àwọn àgbẹ̀ méjì fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e dé. Lójú ọ̀nà oko ni wọ́n ti rí i. Àdá ti wọ ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ títí kan eegun, ẹ̀jẹ̀ sì ń tú yàà jáde. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ níbí yìí: mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Aboyún kan ti gbàgbé ọ̀já sórí bẹ́ńṣì. Mo já a gbà, mo fi di itan rẹ̀, mo ki igi bọ̀ ọ́, mo fi lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ náà fi dá. Mo ń sunkún bí mo ṣe ń ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà sáré lọ pe ìyàwó rẹ̀. Èkejì gbé ọkọ̀ lọ wá epo bẹtiróòlù sí ní Aládé, ká lè gbé e lọ sí Àkúrẹ́. Ó ku èmi àti Fìlípì.

Ó lajú. Ó mọ̀ mí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Túyì ni. Mo mọ àwọn méjì tó kù. Bí mo bá dákú kí ọlọ́pàá tó dé, ẹ fún wọn."

Mo ní kó má sọ̀rọ̀, kó sinmi.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni mo lè sọ fún. Mo mọ̀ pé ẹ ò dà bíi bàbá yín."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé yóò yè. Mo ti rí ọgbẹ́ tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ tó jinná. Yóò yè, yóò sọ orúkọ Túyì, wọ́n á na Túyì ní àgọ́ ọlọ́pàá, Túyì á sì sọ orúkọ mi. Mo rò ó tán pátápátá. Kì í ṣe pé orí mi dàrú. Ọkàn mi balẹ̀, bó ṣe máa ń balẹ̀ tí ọmọ bá fẹ́ jáde.

Mo yọ igi náà. Mo tú ọ̀já náà.

Kò mọ̀ pé èmi ni. Ó fi ọwọ́ wá itan rẹ̀ kiri, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọ̀já yẹn ti tú."

Mo ní, "Mo ń dè é."

Mo di ọwọ́ tó fi ń wá a náà mú kó má baà dé ibẹ̀. Mo dì í mú títí tí kò fi fà mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá tún ọ̀já náà dè, mo ki igi bọ̀ ọ́, mo lọ́ ọ dáadáa bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wọlé pẹ̀lú Débórà lẹ́yìn, ó bá mi níbi tí mo ti di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Ó dì mọ́ mi lọ́rùn. Ó bi mí pé kí ló sọ gbẹ̀yìn. Mo ní ó gbàdúrà fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Títí dòní, ohun tí wọ́n mọ̀ nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ sọ fún bàbá mi. Mo rò pé á ní mo káre. Ó béèrè pé ṣé ẹ̀jẹ̀ náà ti dá kí n tó tú u. Mo ní ó ti dá. Ó yí ojú sí ògiri. Ó ní, "Mo ti ṣe burúkú láyé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá gbé wá bá mi pé kí n wò sàn, mi ò jẹ́ pa á." Ó sọ fún màmá mi pé kí n má gbé oúnjẹ fún òun mọ́, kí n má sì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun mọ́. Oṣù méje lẹ́yìn rẹ̀ ló kú. Ẹ̀rù mi ń bà á títí ó fi kú. Bàbá mi, tí gbogbo igbó ń bẹ̀rù.

Ọlọ́pàá wá, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi, mo sọ fún Túyì pé ó tán, mi ò ṣe mọ́. Kò bá mi jiyàn. Wọ́n yìnbọn pa á lọ́nà Ofosu lẹ́yìn ọdún kan, bóyá àwọn ènìyàn Lásísì ni. Mo gbọ́ ọ, mo sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn, torí kò sẹ́ni tó kù tó lè dárúkọ mi mọ́ ọ̀rọ̀ Fìlípì.

Gbogbo ìgbà tí iṣu tuntun bá dé ni Ìyá Débórà máa ń gbé e wá fún mi. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Ó fi oko kòkó kékeré tó ní tọ́ ọmọ rẹ̀, Débórà sì di nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tó parí ẹ̀kọ́, ó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi bí ọkùnrin, ó ní torí ohun tí mo ṣe fún bàbá òun ni òun ṣe yan iṣẹ́ yìí.

Ní Sátidé, Débórà ń bọ̀ wá fi mọ́tò gbé mi lọ bá ìyá rẹ̀. Mi ò lè sọ pé mi ò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ fún obìnrin yẹn lórí àkéte ikú, kí n ba ohun kan ṣoṣo tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú láti ogójì ọdún jẹ́? Àbí kí n jókòó tì í kí n dákẹ́, kó lọ bá ọkọ rẹ̀ kó tó gbọ́ ọ? Mo ti sọ ọ́ fún Ọlọ́run títí ó ti sú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ó ti dárí jì mí. Ọlọ́run kọ́ ni mo tú ọ̀já lẹ́sẹ̀ rẹ̀.