Onísùúrù Inú Ọkọ̀ Kika

Nígbà ìjọba ológun tí wọ́n ń pè ní Rẹfolúsíọ̀n, tọkọtaya kan jókòó níwájú mi nínú ọkọ̀ tó ń ti Kika lọ sí Tchaourou. Ìyàwó ló ń sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní kí kálukú dìde ní ìpàdé abúlé, kó sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Kí ló dé tí ẹ fi sọ pé onísùúrù lẹ jẹ́?"

"Onísùúrù ni mí. Èmi ni mo mọ ara mi."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbà yín gbọ́, wọ́n ní kí ẹ máa parí ìjà àgbẹ̀ àti Fúlàní. Ẹjọ́ àkọ́kọ́, màlúù jẹ iṣu olóko, ẹ̀yin tó yẹ kí ẹ làjà lẹ gba ọ̀pá lọ́wọ́ darandaran, tí ẹ fi na darandaran náà. Àwa la wá ń lọ bẹ àwọn aláṣẹ ní Tchaourou báyìí, kí wọ́n má baà tì yín mọ́lé."

"O ti ń sọ̀rọ̀ jù."

"Ẹjọ́ ni mò ń rò. Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ mọ ìwà yín, ẹni tó ń bá yín jẹun ni kí ẹ bi."

Gbólóhùn yẹn ò kúrò létí mi títí dòní. Ọkùnrin náà lu ara ọkọ̀ gbàgà, ó ní kí awakọ̀ dúró, òun á fẹsẹ̀ rìn. Ọkọ̀ ò tíì dúró tán tí onísùúrù ti bẹ́ sílẹ̀.