Kò Sí Ọmọ Lábẹ́ Òdòdó Yẹn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ pe àǹtí yín, aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa, kí ẹ tó ka ìwé yìí. Ẹ kà á sókè. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi kọ ọ́, torí àgbà ni mo tó mọ̀wé. Dókítà ti sọ tiẹ̀ nípa ọkàn mi. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Mi ò lè gbé e dé ọ̀run.

Ẹ rántí ọkùnrin tó kọ́ ogójì ilé sẹ́yìn ilé wa. Ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní ọ̀nà tó rọrùn jù tí omi fi lè dé ọ̀hún ni kí páìpù gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà mi kọjá, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà péré. "Ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiyín, Mọ́mì. Ẹ ò kàn ní lè kọ́ nǹkan sórí ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wa á sì máa wọlé wá tún páìpù ṣe." Mo ní, "Áà, páìpù tìẹ, ilẹ̀ tèmi: ìwọ lo lọmọ, èmi ni mò ń pọ̀n ọ́n!" Ó rẹ́rìn-ín. Ká ní mo sọ pé mi ò fẹ́, ó tán. Yàrá kan ni mo fẹ́ kọ́ síbẹ̀ fún ayálégbé. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ń retí omi yẹn, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ahun. Ni ẹnu mi bá sọ pé, "Mo sin ọmọ síbẹ̀." Ọmọ wo? Ẹ̀yin mẹ́ta tí mo bí náà nìyí. Ẹ̀yin náà gbà á gbọ́, ẹ rò pé kí n tó bí yín ni. Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó tọrọ àforíjì, ó ká àwòrán ẹ̀, ó lọ. Yàrá náà ńkọ́? Ta ló ń kọ́lé sórí sàréè?

Ilẹ̀ aránṣọ nìkan ló kù tí omi lè gbà, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ sì dúró gbọnin lójú ọ̀nà páìpù. Ó wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kọ̀ fún wọn. Àmọ́ tí mo bá kọ̀, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n á padà sí. Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ wà níbẹ̀?" Ibí yìí ni mo ti burú jù. Irọ́ àkọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi ni. Èyí, mo rò ó kí n tó pa á. Mo ní obìnrin ni, ó lo ọjọ́ mọ́kànlá láyé. Mo tilẹ̀ fún un lórúkọ. Aránṣọ bú sẹ́kún. Ó ní òun náà bí ọ̀kan rí ní ọsibítù, wọn ò jẹ́ kí òun rí òkú ẹ̀, òun ò mọ ibi tí wọ́n gbé e sí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnì kankan ò ní fi ṣọ́bìrì kan ọmọ yín." Ó lọ buwọ́ lùwé. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wo bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ jáde. Ẹnu tó yẹ kó sọ̀rọ̀, tíì ni mo fi ń mu.

Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé tó ń wá tu koríko ibẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó gbin òdòdó sí i. Ó ń pe orúkọ tí mo hùmọ̀. Èmi ni mo sì máa ń gbé àga fún un! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ fún àkọ́bí mi lójú mi pé, "Tí Mọ́mì bá lọ, ẹ sin wọ́n ti ọmọ wọn." Gbogbo yín ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo mú bírò.

Aránṣọ, àbúrò mi, mi ò ní sọ pé èṣù ló ṣe é. Èmi ni. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má sin mí síbẹ̀. Ẹ fún un ní ilẹ̀ náà, kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i tó bá wù ú. Tí kò bá wù ú, ẹ má fi dandan lé e. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi tẹ́ ẹ ṣì kéré, ẹ gbọ́: ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan, kó kọ̀ ọ́ ní tààrà, kó má fi òkú bo ahun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àforíjì ni mò ń tọrọ. Mi ò sọ pé ó tọ́ sí mi. Tí aránṣọ bá sì dìde, tó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í hú òdòdó rẹ̀, ẹ má bi í ní nǹkan kan. Ẹ bá a hú u.