Ọmọ Mẹ́ta Tí Ìkómọ Ò Bá

Aláhù Akibárù! Ẹ̀yin ìyá àsàlátù, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga, Ọba tó nu omijé mi nù ní Ìsẹ́yìn yìí. Alihamudulilahi. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi o, mi ò ní purọ́.

Ọmọ mẹ́ta ni mo sin. Ahunṣọ ni wọ́n nílé ọkọ mi. Abẹ tí wọ́n fi ń gé òwú nídìí òfì ni wọ́n fi ń gé ìwọ́ ọmọ tuntun, kí ọmọ lè mọ iṣẹ́ ìdílé. Àkọ́bí mi mu ọmú dáadáa fún ọjọ́ márùn-ún. Lọ́jọ́ kẹfà, ẹnu rẹ̀ há, ara rẹ̀ gan. Ìkómọ ku ọ̀la nígbà tó kú. Èkejì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n ní àbíkú ni. Wọ́n gé ìka òkú ọmọ mi, kó má bàa padà wá. Àwa Mùsùlùmí! Mo sì gbà fún wọn. Nígbà tí mo bí ìkẹta, ìka ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Mẹ́wàá pé. Síbẹ̀ wọ́n ní òun náà ni.

Nígbà tí ẹnu tiẹ̀ náà há, mo gbé e sáré lọ sílé ìgbẹ̀bí. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Kí lẹ fi gé ìwọ́ rẹ̀?" Mo sọ fún un. Ó káwọ́ lérí.

Ó ní, "Kì í ṣe àbíkú. Àrùn wà lára abẹ yẹn, ojú ìwọ́ ló gbà wọlé. Abẹ́rẹ́ wà tí aláboyún ń gbà sí i. Ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún yín ni?"

Kò sẹ́ni tó sọ. Ilé ìgbẹ̀bí yẹn ò sì tó ìrìn ìdajì wákàtí sílé wa.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà tún gba ìjọba ni mo lóyún ìkẹrin. Mo gba abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni mo bí sí, abẹ tuntun ló tú nínú bébà níṣojú mi. Nígbà tí a délé, ìyá ọkọ mi gbé òrí àti ẹ̀ẹ́dú lílọ̀ wá, wọ́n fẹ́ fi pa ìwọ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Wọ́n ní, "Abẹ ilé yìí la fi gé ìwọ́ ọkọ rẹ. Ṣé ó kú ni?"

Mo ní, "Kò kú. Àwọn ọmọ mi ló kú."

Wọ́n gbé òrí wọn padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, wọ́n wá jókòó tì mí, a jọ ń wo ẹnu ọmọ. Ó yánu, ó ké, ó wá ọmú. Ìyá ló kọ́kọ́ sunkún. Wọ́n ní, "Ìyàwó, mi ò mọ̀." Mo gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n wà níbí lónìí. Mo ti dárí jì wọ́n, inú ṣì ń bí mi. Lọ́jọ́ kẹjọ, aáfà pe Mùdàṣírù sí i létí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún ọmọ, ẹ má pè é ní kádàrá kí ẹ tó béèrè. Ìyàwó Lásísì, ìwọ tó o jókòó sẹ́yìn, oyún rẹ ti yọ. Ọjọ́rú ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́. Màá wá pè ọ́ láàárọ̀. Bí ìyá ọkọ rẹ bá bínú, kí wọ́n wá bá mi jà.