Fídíò Méje, Ṣẹ́ẹ̀tì Méje, Oògùn Kan Ṣoṣo

Alága wa, dókítà àgbà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dorí kodò sínú fóònù bíi pé ẹlòmíì ló ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo yín ni mo kí.

Láti ìgbà táláyé ti dáyé, wọn ò tíì bí ẹni tó mọ oògùn HIV í lò bí èmi. Ọdún mẹ́ta gbáko nínú ẹgbẹ́ orí fóònù yìí, mi ò fo ọjọ́ kan. Aago ògiri ilé wa gan-an, ojú mi ló máa ń wò kó tó mọ̀ pé aago méje àárọ̀ ti lù!

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́.

Mo ti dàgbà kọjá yàrá àwọn ọ̀dọ́ yìí. Láti ọjọ́ Ajé, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni màá ti máa gba oògùn. Ta ni màá kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, bí kò ṣe nọ́ọ̀sì wa, Ìyá Aago Méje? Bí aago méje bá ti lù, fóònù ọgọ́ta ọmọ á dún lẹ́ẹ̀kan náà: "Ọmọ mi, ó yá o." Àwa náà á ya fídíò bá a ṣe ń gbé oògùn mì, a ó fi ránṣẹ́ sí i.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Nígbà tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ rìnrìn àjò lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rù bà mí pé ike oògùn á máa ró ṣẹkẹṣẹkẹ nínú báàgì mi, wọ́n á bi mí pé kí nìyẹn. Kí ni mo ṣe? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì méje, mo ya fídíò méje. Oògùn kan ṣoṣo ni mo ń gbé sórí ahọ́n tí mo tún ń yọ. Mo fi ike oògùn sílé, ojoojúmọ́ ni mò ń fi ọ̀kan ránṣẹ́, tí Ìyá Aago Méje ń dá mi lóhùn pé, "O káre, akọni!" Bó ṣe ṣiṣẹ́ báyìí, ọ̀sẹ̀ kan tí mi ò fi lo oògùn di oṣù méjì.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ ṣúlẹ̀ láti òru mọ́jú, mo fi fídíò ránṣẹ́; oòrùn ń ràn yòò lójú fèrèsé ẹ̀yìn mi! Fóònù mi dún, Ìyá Aago Méje ni.

"Ẹ kú oòrùn o, ọ̀gbẹ́ni. Ilé yín nìkan lòjò ò dé?"

"Mà, ti ọ̀dọ̀ wa ti dá."

"Fóònù mi lo rí tàn. Ẹ̀jẹ̀ ẹ ńkọ́?"

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kòkòrò HIV náà ti ń bí sí i. Dókítà ní bó bá ti mọ ojú oògùn, oògùn yẹn lè má ràn án mọ́. Màmá mi ò bínú, kò sunkún. Ṣe ló gbá ike oògùn náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Ìyẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

Ìyá Aago Méje ò lé mi. Ó kàn ní kò sí fídíò mọ́, àfi ká máa rí ara wa lójúkojú lórí fóònù. Òun náà á mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tiẹ̀ lọ́wọ́: "Ó yá, ká jọ gbé e mì. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ la ẹnu, oníjìbìtì."

Èsì àyẹ̀wò tuntun dé láàárọ̀ yìí. Ẹ̀rọ wá kòkòrò náà títí, kò rí i kà! Ṣé ẹ rí bí mo ṣe ń mí yìí? Ó ti pẹ́ tí mo ti mí dénú báyìí.

Ẹ̀yin àbúrò mi, oògùn yín á máa bá yín lára mu, ojú ò ní tì yín, ẹni tó máa bi yín pé "ṣó o ti lò ó?" ò ní wọ́n yín. Màmá mi, ẹ ó jẹun ọmọ.

Ẹ forí jì mí o: ọdún mẹ́ta tí mo pè yẹn, àsọdùn ni. Oṣù mọ́kànlá ni, láti ọjọ́ òjò yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ pátá ló gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an ni o.