Ibi Tí Nọ́ọ̀sì Lè Fi Ìbọn Pamọ́ Sí

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Woolwich lọ sí Thamesmead, nọ́ọ̀sì méjì jókòó síwájú mi. Ojú èyí àbúrò wú bọ̀ǹbọ̀, aláìsàn ló gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́.

“Auntie, kí wọ́n jẹ́ ká máa fi ìbọn sábẹ́ aṣọ lọ síbi iṣẹ́!”

“Ìbọn kẹ̀? Aago ọwọ́ lásán, wọn ò jẹ́ ká wọ̀ ọ́, kó má baà ha aláìsàn lára. Ibo lo fẹ́ fi ìbọn pamọ́ sí?”

“Ẹ ò rí nǹkan! Aago mi ò gbọdọ̀ ha wọ́n lára, àmọ́ ẹ̀ṣẹ́ wọn lè fọ́ mi lójú. Ẹ sọ fún mi, Auntie, ibo ni kí n fi ojú mi pamọ́ sí?”

Èmi tí mo ti sá pamọ́ sẹ́yìn àpò iṣu mi látìgbà tí wọ́n ti dárúkọ ìbọn, ojú tì mí, mo gbé e sílẹ̀.