Mo Pa Ẹnu Dé, Ohùn Mi Ò Dákẹ́

Ẹ má dìde! Ẹ jókòó síbẹ̀, bùrọ̀dá mi, mo ti ti ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyí lọ́wọ́ mi, ẹnikẹ́ni ò ní wọ yàrá ẹ̀rọ ohùn yìí títí ẹ ó fi sọ ohun tí ẹ fi mí ṣe, àní ohun tí ẹ fi ohùn mi ṣe, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé mi kọ́rùn lọ síléèwé! Ẹ má wo bọ́tìnì yẹn. Èmi ni kí ẹ wò.

Ṣé ẹ rí ojú mi? Láti ìgbà eré alẹ́ àná ló ti pọ́n báyìí. Mi ò fojú kan oorun, mi ò lè gbé omi mì kí n má rántí, nítorí itọ́ lásán ló tú àṣírí yín! Mo dé ibi tí ìyá inú eré wa ti ń kọrin pe ọmọ rẹ̀ láti orí òkè, ibi gíga inú orin yẹn tó jẹ́ pé tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo la ẹnu, mo gbé ohùn sókè, itọ́ há mi lọ́fun, mo yára pa ẹnu dé kí n má baà húkọ́ níwájú èrò, mo ní ó parí, wọ́n á hó lé mi lórí lónìí, àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ohùn mi ń lọ! Yéè! Ohùn mi, bùrọ̀dá, ohùn tèmi gan-an, ó ń lọ sókè láìsí èmi níbẹ̀, ó gùn, ó mọ́, ó tiẹ̀ tún mí díẹ̀ láàárín bí mo ṣe máa ń mí, ẹnu mi sì dé pa! Mo rò pé mo ti kú ni. Ọlọ́run gbọ́, mo wo ẹsẹ̀ ara mi bóyá ó ṣì wà nílẹ̀.

Wọ́n sì dìde, gbogbo ilé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń súfèé, èmi dúró gbagidi, àfi ìgbà tí ẹni tó ń ṣe ọkọ mi nínú eré fà mí lápá ni mo tó rántí pé ó yẹ kí n tẹríba.

Ẹ ní kí n má pariwo? Kí n tọ́jú ohùn mi? Ohùn wo? Bùrọ̀dá, ohùn wo lẹ ní kí n tọ́jú?

Láti ìgbà wo? Ẹ sọ ọ́ sókè. Ọjọ́ mọ́kànlá! Háà! Ẹ gbà mí o! Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, a jẹ́ pé láti ọjọ́ tí mo ti padà sórí ìtàgé nìyẹn! Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná.

Èmi ni mo bẹ olùdarí kó gbà yín sídìí ẹ̀rọ ohùn o. Mo ní ọmọ ìyá mi ni, tó bá wà lókè níbẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀ lórí ìtàgé. Ẹ̀yin náà lẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ọ̀fun, etí yín ló ṣe nígbà tó sọ pé nǹkan ti wú nínú ọ̀nà ohùn mi, kí n dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí n má tiẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo lè fara dà, tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé fún màmá bí odi, tí olùdarí ń pè lójoojúmọ́ pé òun ti rí ọmọ kan tí aṣọ eré mi bá lára mu. Ẹ̀rù bà mí, mo padà. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo dé ibi gíga yẹn, ó jáde! Ó jáde bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe mí rí! Ariwo àwọn onílù pọ̀, àwọn ẹ̀rọ agbóhùnsókè wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ohùn èṣí ni, èyí tí ẹ gbà sílẹ̀ nígbà tí à ń múra eré? Mo lọ kúnlẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ibi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, mo ń dúpẹ́, omi ń bọ́ lójú mi. Ẹ sì ń wò mí níran!

Màmá ńkọ́? Màmá tó jókòó ní ìlà kẹta lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tó sunkún títí imú rẹ̀ fi pọ́n, tó dì mọ́ mi, tó ní, “Ọmọ mi, ohùn rẹ ti padà wálé.” Ta ni màmá sunkún fún? Wáyà ló sunkún fún!

Àánú mi ṣe yín. Mo gbọ́. Ẹ gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń já nígbà tí à ń dán an wò lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo padà, ẹ ò sì fẹ́ kí ojú tì mí. Ẹ ṣeun. Àánú yín náà ló fẹ́ pa mí yìí, àbí ẹ ti gbàgbé ọ̀la ni? Agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, bùrọ̀dá! Iwájú kámẹ́rà àwọn onítẹlifíṣọ̀n, lójú ẹsẹ̀, gbogbo ayé á máa wò mí bó ṣe ń lọ, èmi àti onídùùrù kan ṣoṣo! Tí mo bá kọ ọ́ dáadáa, èmi ni wọ́n máa fi ṣe olórí eré olórin tuntun tí wọ́n fẹ́ máa fi hàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi ni mo sì fẹnu ara mi sọ fún wọn pé mi ò fẹ́ ẹ̀rọ kankan. Mo fọ́nnu! Mo ní, “Ẹ ṣáà gbé dùùrù wá, ó tó.” Ẹnu mi yìí!

Ẹ mọ iye ọdún tí mo fi jẹ́ Ọmọ Dókítà. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá, gbogbo ọjọ́ Ẹtì lórí tẹlifíṣọ̀n, mò ń gbé àpò tọ dókítà tó ń ṣe bàbá mi nínú eré lẹ́yìn, mò ń sọ gbólóhùn méjì, “Bàbá, aláìsàn ti dé,” “Bàbá, aláìsàn ti lọ.” Eré parí, mo dàgbà, wọ́n ní ojú mi ò ṣeé fún níṣẹ́ mìíràn, àwọn èèyàn ṣì ń dá mi dúró níbi tí mo ti ń ra búrẹ́dì, wọ́n ní kí n bá wọn wo ẹ̀jẹ̀ ríru! Orin ló yọ mí. Ibi gíga yẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo lórúkọ tèmi. Tí kò bá sí mọ́, kí ló kù? Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó ń gbé àpò kiri!

Mo dán an wò láàárọ̀ yìí nílé ìwẹ̀, mo ṣí omi kí màmá má baà gbọ́. Ohun tó jáde dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Mo tún dán an wò, kò jáde rárá. Ṣé ẹ̀rù ló dí i ni, àbí ó ti lọ pátápátá? Mi ò mọ̀! Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nìyẹn, pé mi ò mọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀, nítorí ẹ̀yin lẹ̀ ń wọ ìbotí yìí, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sí yín létí, ẹ̀yin lẹ lè gbọ́ máìkì mi lọ́tọ̀, láìsí onílù, láìsí ohùn èṣí. Ó yá, ẹ wí. Lọ́jọ́ mọ́kànlá yìí, kí lẹ gbọ́? Tó bá burú, ẹ ní ó burú, mi ò ní sunkún. Mo ti ń sunkún ná, ẹ má wo ìyẹn.

Ẹ̀ ń wolẹ̀. Bùrọ̀dá, ẹ má wolẹ̀, ojú mi ni kí ẹ wò.

Ẹ ní kí ni? Ẹ̀ ń yọ ọ́? Ẹ̀ ń yọ ìbotí kúrò létí? Ṣé pé tí mo bá ti fẹ́ dé ibẹ̀, ẹ ó tẹ bọ́tìnì, ẹ ó fa ìbotí sọ́rùn, ẹ ó dijú, nítorí pé ẹ̀rù ń ba ẹ̀yin náà láti gbọ́ mi?

Hà! Hà-hà-hà! Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Èrò ń gbọ́ èṣí, màmá ń gbọ́ èṣí, èmi alára ń gbọ́ èṣí, ẹ̀yin sì dijú! Ẹgbẹ̀ta èèyàn nínú ilé kan, kò sẹ́ni tó gbọ́ mi! Bóyá ó ti bàjẹ́ o. Bóyá mo sì kọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ju ti èṣí lọ, ta ló máa jẹ́rìí?

Ó tó. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́. Lónìí, tí mo bá dé ibẹ̀, mo máa gbójú sókè wo gíláàsì fèrèsé yàrá yìí. Ẹ gbé ọwọ́ yín méjèèjì lé e, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kí ọ̀kankan má baà kan bọ́tìnì, kí n máa kà á láti orí ìtàgé. Tí mo bá rí mẹ́sàn-án, mo búra, mo máa dá orin dúró, mo máa sọ fún gbogbo wọn! Tó bá máa já, kó já lónìí, kó má jẹ́ pé ọ̀la ni màá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, bùrọ̀dá, ó ń bà mí dé egungun.

Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. Kí ìbotí yẹn sì wà létí yín, ẹ ò gbọdọ̀ yọ ọ́. Bó bá burú, bó bá dára, kí ẹnì kan ṣáà gbọ́ mi.